Nígbà Tí Lọ́rì Ń Fi Fèrè Kí Ilé

Bísí, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, jẹ́ kí etí mi sinmi. Láti àárọ̀ lo ti ń pe dẹ́rẹ́bà tí o ò mọ̀ rí, tó gbé ẹrù ẹ láti Èkó, tí kò sì dá ẹ lóhùn. Wáyébíìlì, wáyébíìlì! Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ jókòó, kì í ṣe Bísí nìkan ni mò ń bá wí. Gbogbo yín lẹ̀ ń kó ẹrù lé ẹni tí ẹ ò mọ ilé ẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹ ó wá máa fi gbogbo ọjọ́ bẹ Ọlọ́run kó má sá lọ. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀rín lọ̀rọ̀ yín ń pa mí. Láyé tiwa, a ti máa ń mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí ojú wa tó kàn án. Láti ẹnu ìlú la ti máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀, ẹni tó lọ́kọ nínú ẹ̀ á dìde, á gbé iṣu kaná.

Ẹ̀ ń wò mí bíi pé mò ń sọ àsọdùn. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá mi, nítorí ilé wa ní Oǹdó ni mo ti kọ́kọ́ mọ lọ́rì. Ọdún tí mo ti lò ní Àkúrẹ́ níbí ti pọ̀ ju èyí tí mo lò nílé bàbá mi lọ fíìfíì, síbẹ̀ bí mo bá la ẹnu ní Ọjà Ọba, wọ́n á ní Ìyá Oǹdó ti dé. Kò bí mi nínú. Oǹdó ni mo ti wá lóòótọ́.

Kápíńtà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó bá yín kan àga, á wò yín bíi pé ẹ bú u. Bọ́dì lọ́rì nìkan ló ń kàn. Nígbà yẹn, bí àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù bá ra ọkọ̀ tuntun ní Èkó, ẹ́ńjìnnì, táyà àti irin gbọọrọ ni wọ́n máa ń gbé fún wọn. Kò nílé, kò nílẹ̀kùn, kò níjókòó. Dẹ́rẹ́bà á wá àpótí kan, á gbé e lé orí irin, á jókòó lé e, á faṣọ di imú, á sì wà á bẹ́ẹ̀ láti Èkó dé Oǹdó nínú oòrùn òun eruku. Ìhòòhò ni lọ́rì máa ń wá bá bàbá mi. Òun ló ń wọṣọ fún un.

Ìrókò ló máa ń fi ṣe òpó, pákó tó fúyẹ́ díẹ̀ ló máa ń fi ṣe ẹ̀gbẹ́, á wá fi bọ́ọ̀tù dè wọ́n mọ́ra. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ á máa lu òòlù, kò-kò-kò, láti ìdájí. Èérún pákó á bo gbogbo àgbàlá, á wọ inú oúnjẹ, á wọ inú irun wa, títí dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè làwọn èèyàn ti máa ń gbọ́ òórùn ìrókò lára wa. Bí wọ́n bá kàn án tán, bàbá mi á gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, á máa fò sókè sódò níbẹ̀, bó ṣe sanra tó yẹn. Bí pákó kan bá dún wọ́ín lásán, ó parí, wọ́n máa tú u ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ á máa bẹ̀ ẹ́ pé kòkó ti kún ilé, pé àwọn ń kánjú. Òun á kàn máa fi ìka yọ ìṣó, á máa kó o sẹ́nu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni akunlé á dé pẹ̀lú ọ̀dà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdùnnú ni wọ́n máa ń kọ sí iwájú lọ́rì, wọ́n á kọ Olúwa Ṣeun, wọ́n á kọ Ẹ Kú Ilé, wọ́n á wá kọ Ó Dàbọ̀ sí ẹ̀yìn kí ẹni tí wọ́n bá fi eruku bò lè rí nǹkan kà. Ó máa ń ya ẹyẹ, ó máa ń ya òdòdó. Ó ya kìnnìún sára ọkọ̀ kan rí, kìnnìún náà jọ ewúrẹ́ bí ẹni tó jọ ìyá ẹ̀. Gbogbo Oǹdó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ̀ náà ní Ewúrẹ́ Ọba. Inú kọ́kọ́ bí dẹ́rẹ́bà ẹ̀, àmọ́ nígbà tó rí i pé àwọn oníkòkó ń béèrè Ewúrẹ́ Ọba kí wọ́n tó béèrè ọkọ̀ mìíràn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́.

Orí irú irin ìhòòhò tí mo sọ yẹn ni bàbá yín àgbà wà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ó pọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, eyín ẹ̀ nìkan ló funfun. Mo bu omi fún un, mo rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìgbà tó bọ́jú tán tí mo rí i pé ọmọkùnrin dúdú minimini kan ló ń rẹ́rìn-ín sí mi, igbá omi kejì ni mo sáré lọ bù, kò sì tọrọ ẹ̀. Bàbá mi ń wò wá láti abẹ́ igi. Ó ní kí n má bu omi ilé tán nítorí ẹni tí mi ò mọ ilé ẹ̀. Mo kúkú padà mọ ilé ẹ̀, òun lẹ jókòó sí yìí.

Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́, Bàbá Alọ́rì ni gbogbo Àkúrẹ́ ń pè é. Ọ̀dà yẹ́lò ni wọ́n fi ń kun ọkọ̀ tiwọn. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Oǹdó tó ń kun tiẹ̀ ní búlúù. Àwọn méjèèjì ò sì jẹ́ kí ara wọn gbádùn. Bí ọkọ̀ búlúù bá takú lẹ́bàá ọ̀nà, dẹ́rẹ́bà yẹ́lò á kọ́kọ́ dúró fi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà á bọ́ ẹ̀wù, á wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ bá a tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni kì í kọjá lára ẹni tó takú. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Wọn kì í kọjá. Lónìí, ọkọ̀ á dojú dé lọ́nà yìí, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á yọ fóònù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ.

Bàbá Alọ́rì fúnra ẹ̀, èèyàn ńlá ni o. Pẹ̀lú agbádá funfun lọ́rùn ẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ sínú epo dúdú láti yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò kó tó jẹ́ kó jáde. Ìyàwó ẹ̀ ti sunkún sunkún lórí agbádá títí ó fi sú u. Bí dẹ́rẹ́bà kan bá sáré lórí afárá, Bàbá Alọ́rì kò ní bú u, kò ní lé e. Á kàn ní kó fọ gbogbo ọkọ̀ inú àgbàlá, á sì ránṣẹ́ pe ìyàwó dẹ́rẹ́bà náà kó wá jókòó máa wò ó. Mo ti lọ jókòó níbẹ̀ rí. Mo bá bàbá yín àgbà gbé garawa omi wá kó tún ibì kan fọ̀ tí kò mọ́, ó fojú burúkú wò mí.

Bí ìgbà kòkó bá dé, oorun kì í kun ẹnikẹ́ni. Òórùn kòkó gbígbẹ á gba ìlú kan, ẹ ó máa gbọ́ ọ lára aṣọ, lára owó, lára ọmọ ọwọ́. Àwa obìnrin máa ń jókòó sí àgbàlá, a ó máa fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ rán ẹnu àpò, a ó máa sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin á máa ju àpò sórí ara wọn pẹ̀lú orin, wọ́n á fi tapólì bò ó, wọ́n á fokùn dì í títí lọ́rì á fi dà bí aboyún tó kù díẹ̀ kó bí. Bí wọ́n bá ń bọ̀ láti Èkó, iyọ̀ ni, páànù ni, ẹja gbígbẹ ni. Nígbà iṣu, Ìjù ni wọ́n ń lọ kó o. Bó bá di ọjọ́ Ògún, wọ́n á fọ gbogbo ọkọ̀, wọ́n á so màrìwò mọ́ ọn níwájú. Pásítọ̀ mọ̀, kì í kàn gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà ni.

Bí Kérésìmesì tàbí ìkórè bá sì dé, wọ́n á gbá ẹ̀yìn lọ́rì, wọ́n á to bẹ́ǹṣì sí i, wọ́n á kó wa lọ síbi tí a bá ń lọ. Ọdún kan tí ìjọ wa lọ bá wọn ṣe ìkórè ní Ipogun, ìyá kan gbé ewúrẹ́ dání, ẹ̀bùn ìkórè. Kí a tó dé Ilará, ewúrẹ́ ti jẹ ìwé orin ọ̀gá akọrin tán. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní ó kù kí ewúrẹ́ náà wá dúró níwájú, kó darí orin, torí òun ló mọ̀ ọ́n báyìí. A rẹ́rìn-ín débi pé a ò lè kọrin nígbà tí a débẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ ti lọ. Nígbà tí Bàbá Alọ́rì kú, àwọn ọmọ ẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ àgbàlá ju ọkọ̀ inú ẹ̀ lọ. Ilé epo ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn búlúù ti Oǹdó náà ò pẹ́ lẹ́yìn wọn, ojú ọ̀nà bàjẹ́, nǹkan ọkọ̀ wọ́n gógó, iṣẹ́ bàbá mi náà sì kú nígbà tí bọ́dì onírin dé. Tírélà tó ń kọjá báyìí tóbi ju lọ́rì tiwa lọ, mi ò jiyàn. Ó lágbára, ó yára. Ṣùgbọ́n ta ló ń wà á? Níbo ló ti wá? Ta ló ń retí ẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Fèrè ni mo fẹ́ sọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣìnà. Fèrè ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀ báyìí tó ń já èèyàn láyà. Irin ni ẹnu ẹ̀, róbà roboto ni ìdí ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà ló máa ń wà níta. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún róbà yẹn, bí ọwọ́ bá sì ṣe yàtọ̀ ni ohùn á ṣe yàtọ̀. Ti ọkọ mi, pọ́ọ̀-pọ́, pọ́ọ̀-pọ́, á wá fi gígùn kan parí ẹ̀. Ti ọkọ Ìyá Tóyìn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kúkurú ni, bí adìyẹ tó ń pe ọmọ. Níbi kọ́nà tí ọ̀nà Oǹdó ti ń wọ ìlú ni gbogbo wọn ti máa ń fun ún. Bí a bá ti gbọ́ ọ, a ti mọ ilé tí ayọ̀ wọ̀.

Àṣà kan wá wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan ò kọ sílẹ̀, tí gbogbo dẹ́rẹ́bà sì ń pa mọ́. Bí àìsàn bá dá dẹ́rẹ́bà kan dúró lọ́nà, tàbí bí Ọlọ́run bá gbà á, ẹlòmíràn ló máa bá a wa ọkọ̀ ẹ̀ wálé. Ẹni náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fèrè, kó má baà fi ohùn ẹni tí kò sí níbẹ̀ tan ìyàwó ẹ̀ jẹ. Jẹ́jẹ́ ni lọ́rì náà máa wọlé, láìdún, á máa rìn bí ẹni tó ń tẹ̀lé pósí. Bí àwa ìyàwó dẹ́rẹ́bà bá rí ọkọ̀ tó wọ ìlú láì fun fèrè, a ti máa tú gèlè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ lọ́rì yìí bí nínú jù láyé ni bàbá ọkọ mi. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, ó tún jẹ́ bàbá ìjọ. Ó rán ọkọ mi níwèé kó lè di tíṣà, ó sì di tíṣà lóòótọ́, Ipogun ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, tó lọ di sítíárì mú. Ó ní láti yàrá ìkàwé ni òun ti máa ń gbọ́ lọ́rì tó ń kọjá, òun ò sì gbọ́ ohun tí òun fúnra òun ń kọ́ àwọn ọmọ mọ́. Bàbá ní òun ò ní pe orúkọ ẹ̀ mọ́, òun ò sì ní bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi máa fi lọ́rì sílẹ̀. Àwọn ará Àkúrẹ́ àtijọ́ kì í pe iṣẹ́ ní iṣẹ́, uṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bàbá á ní, uṣẹ́ alárìnkiri. Bó ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn, á wá tutọ́ sílẹ̀.

Agbo ilé kan náà la sì jọ ń gbé o. Bí èéfín bá ti ọ̀dọ̀ wa wá, bàbá á kọjú sí mi, ọkọ mi á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, á ní kí n sọ fún ọkọ mi pé èéfín ń wọ òun lójú. Ọkọ mi náà á ní kí n bá òun bẹ bàbá. Èmi á wá yíjú sí bàbá, á ní òun ti gbọ́, kí n sọ fún un pé òun ti gbọ́. Ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán mọ́ mi. Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń dọ̀bálẹ̀ kí i, láràárọ̀ ni bàbá ń wo igi máńgòrò. Kò gun lọ́rì rí láyé ẹ̀. Bàísíkù ló ń gùn lọ sí oko ẹ̀ lọ́nà Ìjù, alábàárù ló sì ń ru kòkó ẹ̀ lọ síbi ìwọ̀n, tí ọkọ̀ ọmọ ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan tí ẹlòmíràn ò rí. Ọjọ́ tí ọkọ mi bá máa dé, bàbá kì í wọlé. Á ní ooru ń mú òun, kódà nígbà ọyẹ́ tí ètè gbogbo wa ń já. Á gbé àga síwájú ilé, á ṣí Bíbélì, ojú ewé kan náà ló máa wà. Bí fèrè yẹn bá ti dún, pọ́ọ̀-pọ́, á pa Bíbélì dé, á dìde, á wọlé lọ láì wo ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní ooru ló ń mú bàbá. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò bẹ Ọlọ́run fún aṣọ nígbà yẹn, mi ò bẹ̀ ẹ́ fún ilé. Ohun tí mò ń bẹ̀ ni pé kí bàbá pe ọmọ ẹ̀ lórúkọ kí ọ̀kan nínú wọn tó kú.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà òjò. Èkó ni ọkọ mi ti ń bọ̀, a ti ń retí ẹ̀. Bàbá ti gbé àga síta, ooru ti ń mú un. Ìyá kan tó ń ti oko bọ̀ ló yà sọ́dọ̀ wa, ẹ̀fọ́ ṣì wà lórí ẹ̀, kò ráyè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní òun rí Olúwa Ṣeun, ọkọ̀ ọkọ mi, níta ìlú lẹ́bàá ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀, fìlà dẹ́rẹ́bà wà lórí ìjókòó, kò sì sí èèyàn kankan nínú ẹ̀. Ó ní òun pè títí, kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìyá Tóyìn ló fọwọ́ gbá mi mú. Kí a tó ṣẹ́jú, àgbàlá ti kún. Ẹnì kan ní àwọn olè ni. Ẹnì kan ní bóyá inú ló ń run ún tó fi wọ igbó lọ, tó sì ṣubú síbẹ̀. Wọ́n ti sáré lọ sọ fún Bàbá Alọ́rì. Mo tú gèlè mi, mi ò mọ ìgbà tí mo tú u. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti parí nìyẹn, wọn ò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé, inú sì bí mi sí àwọn méjèèjì ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ.

Bàbá ti dìde. Bíbélì já bọ́ sínú omi òjò, kò wò ó. Ó ní kí wọ́n gbé bàísíkù òun wá, òun fúnra òun máa lọ síbẹ̀. Wọ́n gbé e wá, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò lè gùn ún, ó tún gbé e, kò lè gùn ún. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú ẹrẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí àga bá ní eruku kò ní jókòó lé e.

"Ṣọlá," ó ní. "Ṣọlá o. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ fèrè rẹ. Oorun kì í kùn mí àfi tí mo bá gbọ́ ọ. Ta ni mo fẹ́ wá sọ ọ́ fún báyìí?"

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ ọkọ mi lẹ́nu bàbá ẹ̀. Mo sọkún débi pé mi ò ríran. Nígbà tí mo máa nu ojú, ta ni mo rí lẹ́yìn ilé ìdáná? Ṣọlá ni, ó dúró, ẹrẹ̀ dé orúnkún ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ẹ má rín mi, ẹ̀rù ló bà mí. Òkú ni mo rò pé ó dìde. Mo figbe ta, àwọn tó kù wẹ̀yìn, wọ́n rí i, àgbàlá tó kún fọ́fọ́ tú ká bí eṣinṣin. Ìyá Tóyìn fo ògiri tí ọkùnrin ò tíì fò rí, títí di òní ni kò gbà pé òun ló fò ó. Èmi wà lábẹ́ tábìlì ẹlẹ́kọ. Bàbá nìkan ló ṣẹ́kù láàárín àgbàlá, ó jókòó síbi tó wà.

Ọkọ mi rìn dé iwájú ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà. Ó ní, "Bàbá, èmi nìyí." Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi lábẹ́ tábìlì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "sọ fún ọkọ rẹ pé..."

Ó dúró. Ó yí ojú padà sí ọmọ ẹ̀.

"Ṣọlá, níbo lo gbé ọkọ̀ rẹ sí?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Róbà fèrè ẹ̀ ló bẹ́ ní Ọ̀wẹ́nà. Ó gbìyànjú, ó fi aṣọ dì í, kò dún. Ó wá ń rò ó lójú ọ̀nà pé bí òun bá wọ ìlú láì fun fèrè, a ó ti rò pé òun ti kú, àti pé irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lè pa bàbá òun. Ẹ ẹ̀ rí i pé òun náà mọ̀ pé ooru kọ́ ló ń mú bàbá! Ló bá gbé lọ́rì dúró níta ìlú, ó gba ọ̀nà oko ẹ̀yìnkùlé, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti kọ́kọ́ sọ fún wa pé òun ò kú, kó tó padà lọ gbé ọkọ̀. Ó fi Làmídì, ìkejì ẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣọ́ ẹrù. Làmídì ní kí òun sáré pọn omi sínú ẹ́ńjìnnì ní odò ìsàlẹ̀, àkókò yẹn gan-an ni ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kọjá. Nígbà tí ọkọ mi sọ ọ́ tán, àwọn tó sá lọ ti padà dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkúùkù lù ú lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Èmi náà lù ú. Mo lù ú dáadáa.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sókè, ọmọ ẹ̀ gbé e dìde. Ó ní kí àwọn lọ gbé ọkọ̀ náà wálé.

Gbogbo wa la tẹ̀lé wọn. Nígbà tí Làmídì rí èrò tó ń bọ̀, tí gèlè mi ò sí lórí, ó rò pé ẹnì kan ló kú nílé wa, òun náà bú sẹ́kún pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́, ó pẹ́ kí a tó rí i tù nínú. Bàbá dúró ti Olúwa Ṣeun, ó wò ó, ó fọwọ́ pa ara pákó ẹ̀. Kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà gun ọkọ̀. Ọkọ mi dì í mú lábẹ́ apá, ó gbé e sójú ìjókòó iwájú bí ẹni gbé ọmọ. Àwa gun ẹ̀yìn, a jókòó sórí ẹrù.

Nígbà tí a dé kọ́nà tí wọ́n ti máa ń fun fèrè, mo rí ọwọ́ ọkọ mi tó nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Ó di róbà tó bẹ́ yẹn mú, kò dún. Lọ́rì ń wọ ìlú ní ìdákẹ́rọ́rọ́. Mo rí àwọn obìnrin tó jáde sẹ́nu ọ̀nà, mo rí ẹnì kan tó ti gbé ọwọ́ lérí. Ni bàbá bá yọ orí àti èjìká síta níwájú ọkọ̀, bàbá ìjọ, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè nínú ilé ara ẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó kígbe.

"Ṣọlá ni o! Ṣọlá ọmọ mi ló ń bọ̀ o! Ọmọ mi ló ń wa ọkọ̀!"

Ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó ń sọ ọ́ fún àwọn ewúrẹ́ ojú ọ̀nà. Ohùn ẹ̀ há, kò dákẹ́. Ọkọ mi ò lè sáré, nítorí omijé ti kún ojú ẹ̀, kò rí ọ̀nà dáadáa. Títí a fi dé iwájú ilé, bàbá ṣì ń pe orúkọ ọmọ ẹ̀.